Ìwé tí ilé-ìwé ní kí n bu ọwọ́ lù kí ọmọ mi tó lọ ṣe eré síkì: ta ni ó ń yẹ àwọn ẹ̀rọ orí òkè wò?

Ìyá Tóní (Aurora, Colorado)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé-ìwé ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 13, fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí àwọn òkè tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Denver lóṣù tí ń bọ̀ kí wọ́n lọ kọ́ eré síkì, eré tí a ń fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ṣe tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bu ọwọ́ lù ú. Mo ka ìwé náà tinútẹ̀yìn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ náà, ìbáà jẹ́ lórí yìnyín, ìbáà jẹ́ lórí àga tí okùn irin ń fà gòkè, àní bí ó bá jẹ́ àìbìkítà àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ó fà á, èmi àti ọmọ mi kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Bàbá rẹ̀ ní kí n fọwọ́ sí i kí n sinmi ariwo, pé gbogbo òbí ni ó ń fọwọ́ sí i, àti pé ọmọ tí kò bá bá wọn lọ ni yóò dá jókòó sí kíláàsì. Èmi náà kò kọ̀ kí ó lọ. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọkọ̀ èrò tí ń ná Ìbàdàn sí Èkó pàápàá ní àwọn tí òfin ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, yálà wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é. Ta ni ó ń yẹ àga orí òkè yìí wò? Ṣé ìjọba ni, àbí àwọn tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa náà ni wọ́n ń yẹ ara wọn wò? Bí ìjọba bá sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ni ìwé yìí ń gbà lọ́wọ́ mi gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni kí ó dá mi lóhùn. N kò wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé eré òyìnbó kò yẹ ọmọ wa.

Àkànní Òkè (Summit County, Colorado)

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà ni mo ń ṣe jẹun níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ẹ̀rọ, kí ẹni tí ó mọ òfin mú apá ti ìwé.

Ìjọba wà nínú rẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ní ọdún 1965 ni àwọn aṣòfin Colorado dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Colorado Passenger Tramway Safety Board, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bójú tó gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń gbé èrò lórí òkè: àga orí okùn, gọ́ńdólà (yàrá kékeré tí okùn ń gbé èrò nínú rẹ̀), okùn tí àwọn ọmọdé ń dì mú kí ó fà wọ́n, títí kan bẹ́líìtì tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ń dúró lé kí ó gbé wọn gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbé èrò, ọdọọdún ni a sì ń tún ìwé àṣẹ náà gbà. Àwọn ẹnjiníà a máa wá yẹ ẹ̀rọ wò kí ìwé tó jáde, wọ́n a sì tún máa yọ sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọra. Ìlànà tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ wa ni a ń pè ní ANSI B77.1, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń lò. Ẹ bi mí bóyá àwọn olówó òkè ni wọ́n ń yẹ ara wọn wò. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn aṣojú iléeṣẹ́ síkì jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú aṣojú aráàlú àti ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó igbó, nítorí pé orí ilẹ̀ igbó ìjọba ni ọ̀pọ̀ òkè síkì wa wà. Àwọn kan ń fi èyí sùn wá. Ní tèmi, ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ kan okùn irin rí kò ní mọ ibi tí yóò wò.

Okùn yẹn ni mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a lọ́ pọ̀ di okùn kan, wáyà inú sì lè já láìjẹ́ pé ojú ẹni tí ó wà lóde rí i, ìdí nìyí tí a fi ń gba inú ẹ̀rọ tí ó ní agbára òòfà fa okùn náà kọjá kí ó lè fi àbùkù inú hàn. Lẹ́yìn okùn ni irin tí ó di àga mú mọ́ ọn: a ń tú wọn sílẹ̀, a ń fọ̀ wọ́n, a sì ń wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sísán lára wọn. Bíréèkì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀kan wà fún ìdúró ojoojúmọ́, òmíràn ń bu àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tí okùn ń yí ká jẹ ní tààrà bí ti àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́, ohun kan sì tún wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ náà yí padà sẹ́yìn. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹni tí ó bá rí fídíò ti Gudauri ní orílẹ̀-èdè Georgia ní oṣù kẹta ọdún 2018, níbi tí àga ti ń fi eré burúkú padà wá sísàlẹ̀ tí ó sì ń ju èrò dànù, yóò mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún méje méje, a ń fi omi tàbí ẹrù mìíràn tí ó wúwo tó èrò kíkún sórí àwọn àga, a ó sì dá ẹ̀rọ dúró lójijì láti mọ̀ bóyá yóò dúró níbi tí ìwé ní kí ó dúró sí. Ẹ́ńjìnnì díísù a sì máa wà nílẹ̀ tí a fi ń kó èrò kúrò lórí okùn bí iná bá lọ.

N kò ní tàn yín o, mà. Ìgbìmọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí okùn gọ́ńdólà tó tú ní Vail lóṣù kẹta ọdún 1976, tí ènìyàn 4 sì kú. Ó wà nílẹ̀ náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, nígbà tí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀rọ kan ní Keystone yọ nítorí pé ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ kò dára, tí ènìyàn tí ó lé ní 40 fi ara pa, tí 2 nínú wọn sì kú. Ní òpin ọdún 2016, ní òkè Granby Ranch, àga kan kọlu òpó, ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jábọ́, ìyá náà sì kú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, kì í ṣe irin tí ó gbó ni wọ́n bá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àtúnṣe sí ètò iná mànàmáná tí ó ń darí mọ́tò rẹ̀ ni, àtúnṣe náà sì ń mú kí eré ẹ̀rọ máa yí padà lójijì títí tí àga fi ń fì. Láti ìgbà náà ni ohun tuntun ti ń bà mí lẹ́rù ju ohun àtijọ́ lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Òǹkàwé Òfin (Denver)

Ìyá Tóní, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Àkànní ti ṣe apá tiwọn dáadáa. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò yín kọ́ ni mí, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá di ti gidi, ẹ gba amòfin.

Ẹ kọ́kọ́ ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe yà wọ́n. Ní Vermont, ní nǹkan bí ọdún 1977, àwọn aráàlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́ (jury) ní kí òkè Stratton san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí igi kékeré tí yìnyín bò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣubú, tí ó sì rọ. Ìbẹ̀rù mú gbogbo àwọn tí wọ́n ni òkè síkì káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì sáré tọ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn lọ. Ti Colorado jáde ní 1979, òun ni wọ́n ń pè ní Ski Safety Act. Òfin náà sọ pé ewu kan wà tí ó bá eré náà wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó bá sì gun òkè ti gbà á mọ́ra: ojú ọjọ́, yìnyín tí ó le tàbí tí ó rọ̀ jù, igi, àpáta, òpó ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ara gbá, àti kíkọlu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó wà lókè ni ó gbọdọ̀ yẹra fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 2016, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Colorado tún fi kún un pé yìnyín tí ó bá ya lulẹ̀ láti orí òkè tí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀, àní nínú ààlà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún èrò, wà lára ewu wọ̀nyí. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn le jù, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ òkè ni wọ́n ń yin àdó olóró láti mú yìnyín tí ó lè ya wó lulẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, àwọn náà ni wọ́n sì mọ ibi tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ olówó òkè lórí ilẹ̀ kò pọ̀: kí ó fi àmì sí ojú ọ̀nà, òbìrípo aláwọ̀ ewé fún èyí tí ó rọrùn, igun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù fún èyí tí ó le díẹ̀, dáyámọ́ńdì dúdú fún èyí tí ó le jù, kí ó fi hàn kedere ibi tí a ti pa, kí ọkọ̀ tí ń tún yìnyín ṣe sì ní iná lórí.

Ẹ̀rọ yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ tí ó bá ti jókòó lórí àga yẹn kò lè darí rẹ̀, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ kan náà fi sọ ní 1998 pé ìtọ́jú tí ó ga jù lọ ni olówó ẹ̀rọ jẹ èrò ní gbèsè, kì í ṣe ìtọ́jú lásán.

Ó wá ku ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ní ọdún 2002, ilé ẹjọ́ náà dá a pé òbí kò ní agbára láti fi ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ tọrẹ kí ìpalára tó ṣẹlẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí àwọn aṣòfin fi yí i padà: láti 2003 ni òfin Colorado ti gbà pé kí òbí bu ọwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, bí kò bá ti jẹ́ ti ìwà ìkà tí a mọ̀ọ́mọ̀ hù, ti ìwà àìka-ewu-sí, tàbí ti àìbìkítà tí ó burú jáì. Nítorí náà, ìwé yín kì í ṣe ìwé lásán. Ó ń mú nǹkan lọ.

Ṣùgbọ́n kò lè mú gbogbo rẹ̀ lọ mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọbìnrin ẹni ọdún 16 kan kò rí àga jókòó lé dáadáa ní òkè Crested Butte níbí ní Colorado. Ẹ̀rọ kò dúró, ó ń gbé e lọ sókè bí ó ṣe rọ̀ mọ́ àga tí bàbá rẹ̀ sì dì í mú, àwọn èrò ń pariwo pé kí wọ́n dá a dúró, títí ọwọ́ fi yọ tí ọmọ náà já bọ́, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Bàbá náà ti fọwọ́ sí ìwé bíi tiyín. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìwé náà pa ẹjọ́ rẹ̀ tí ó dá lórí ìtọ́jú tí ó ga jù lọ yẹn, ṣùgbọ́n kò lè pa èyí tí ó dá lórí pé iléeṣẹ́ náà rú òfin 1965 àti ti 1979 àti àwọn ìlànà abẹ́ wọn. Iṣẹ́ tí àwọn aṣòfin gbé lé ènìyàn lórí, òun àti oníbàárà rẹ̀ kò lè jókòó nínú yàrá kí wọ́n fi ìwé àdéhùn gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n Àkànní ti kan ìwé yín nìyẹn: gbogbo ìlànà tí ìgbìmọ̀ kọ, títí dé ojúṣe òṣìṣẹ́ tí ó dúró nídìí àga láti dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí ó bá yẹ, ṣì jẹ́ ohun tí ọmọ yín lè gbẹ́kẹ̀ lé nílé ẹjọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i.

Ará Torino (Ítálì)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Mo ti ń gbé nítòsí àwọn òkè Alps láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ sọ ohun tí a rí níhìn-ín, nítorí pé àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà máa ń rò pé bí ìjọba bá ti mú un le, ó ti parí.

Ní Yúróòpù, òfin kan ni ó kárí gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 2016/424, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún lóṣù kẹrin ọdún 2018. Kò sí ohun èlò tí ó kan ààbò, láti orí okùn dé orí bíréèkì, tí a lè tà láìjẹ́ pé àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí ti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní iléeṣẹ́ tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́; ti Faransé, STRMTG, ẹ̀rọ orí òkè àti ọkọ̀ ojú irin ìgboro wà lára ohun tí ó ń bójú tó.

Òfin yẹn wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí okùn tí ó ń fa yàrá èrò já ní Mottarone lókè Stresa, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Bíréèkì pàjáwìrì wà lára yàrá náà tí ó yẹ kí ó di okùn kejì mú lọ́gán. Kò ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n ti fi irin há a lẹ́nu. Bíréèkì náà ti ń di okùn mú láìnídìí fún ìgbà díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó sì ń dá iṣẹ́ dúró, wọ́n wá ń há a lẹ́nu kí èrò má baà dúró. Ènìyàn 14 kú; ọmọ ọdún márùn-ún kan ni ó yè. Àwọn àgbàlagbà ibí rántí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ní Cavalese, ní Ítálì níhìn-ín náà, ní 1976, níbi tí ènìyàn tí ó lé ní 40 ti kú, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ti pa ohun tí ó yẹ kí ó dá ẹ̀rọ dúró fúnra rẹ̀. Ọdún 45 ni ó wà láàárín méjèèjì.

Nítorí náà, mà, ìbéèrè tèmi sí ilé-ìwé yín kò ní jẹ́ ti ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Màá béèrè bóyá òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ níbẹ̀ lè dá ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ Sátidé tí èrò tò lọ rẹrẹ, láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ yóò bá a wí.

Àkànní Òkè

Ẹ ṣeun, ará Torino. Àwa náà mọ̀ pé ohun tí ó ń dá iṣẹ́ dúró lójoojúmọ́ ni ó máa ń wu ènìyàn láti pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn ọmọ wa tí ń dúró nídìí àga: ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, bọ́tìnnì pupa náà wà nítòsí ọwọ́ wọn, a sì ń sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní pé kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ìṣòro tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò ní ju sáà kan lọ lẹ́nu iṣẹ́, àga a sì máa dé ẹ̀yìn èrò ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra wọn.

Ìyá Tóní

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ítálì. Ó ti yé mi ju bí ó ti yẹ lọ, mo sì rò pé màá bu ọwọ́ lù ú. Ohun méjì ni ó kù. Mo wá iye àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ara pa ní òkè tí wọ́n fẹ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò rí nǹkan kan. Èkejì, ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa sọ pé àwọn àga kan ní ọ̀pá tí a ń fà wálẹ̀ síwájú àyà, pé ní Colorado kò pọn dandan láti fà á wálẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?

Òǹkàwé Òfin

Ẹ kò lè rí i. Jàǹbá tí ó bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n gbọdọ̀ fi tó ìgbìmọ̀ létí, ẹ sì lè béèrè fún un. Ti orí yìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2021, wọ́n gbé àbá òfin kan wá tí ìbá mú kí òkè kọ̀ọ̀kan máa tẹ iye àwọn tí ó fi ara pa jáde kí ó sì fi ètò ààbò rẹ̀ hàn. Inú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ni ó kú sí. Èyí ni ó burú jù lọ nínú gbogbo ètò náà lójú mi, nítorí pé òfin ní ẹni tí ó ṣe síkì ni ó mọ ewu tí ó gbà, wọn kò sì jẹ́ kí ó mọ bí ewu náà ti tó.

Àkànní Òkè

Òótọ́ ni nípa ti ọ̀pá. Ní Vermont, òfin ní kí èrò fà á wálẹ̀. Níbí, òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni, àwọn àga àtijọ́ kan kò tilẹ̀ ní in. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kí ó máa fà á wálẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ó jókòó tì í kí ó má baà bà wọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìṣubú láti orí àga kì í ṣe ti irin, bí kò ṣe ti bí ènìyàn ṣe jókòó, ibi tí wọ́n ti ń gun àga ni ó sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sí iwájú. Kí ó sọ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, wọn yóò dín eré ẹ̀rọ kù fún un. Bí ìdí rẹ̀ kò bá kan àga dáadáa, kí ó jù ú sílẹ̀ kíákíá níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ṣì wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá bi ilé-ìwé bóyá orí bẹ́líìtì ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti bóyá àgbàlagbà yóò jókòó ti àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun àga. Ilé-ìwé tí ó bá ti ń ṣe é látẹ̀yìnwá yóò ti ní ìdáhùn sí méjèèjì lọ́wọ́.